Wáyà Funfun àti Wáyà Aláwọ̀ Ewé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni gbólóhùn kan fi ń jẹ mí lọ́kàn, èmi fúnra mi ni mo sì sọ ọ́. Ọjọ́ Àìkú kan ni, nílé Bàámi ní Ṣómólú. Mo ti gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ máa lọ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ká mi mọ́ ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ orin mi ńkọ́?" Mo ní, "Bàámi, ó ti kú." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó ti kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, àtàǹpàkò wọn méjèèjì sì ń lu orúnkún náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mo délé, oorun ò kùn mí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà kú. Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò. Mo kàn ki wáyà bọ̀ ọ́ nídìí lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ ò tàn, mo bá kéde ikú rẹ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe fún nǹkan l'Ékòó nìyẹn. Fáànù ò yí mọ́, ó ti kú. Fóònù ò tàn, ó ti kú, ra òmíràn. A kì í jẹ́ kí ẹlẹ́jọ́ rojọ́ ká tó dá a lẹ́bi.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

iPod nano ni, irú èyí tí Apple gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi wàláà ọmọ kéú tí wọ́n sọ di kékeré. Àbúrò mi ló mú un bọ̀ láti London ní ọdún 2009. 8 GB péré ni àyè inú rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Bàámi ṣe ní Ṣómólú títí ọwọ́ wọn fi kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń jí wa láàárọ̀, òórùn yíǹkì ló sì ń bá wa sùn. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn bíi mélòó kan lára àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pa ẹ̀rọ, wọ́n á wẹ ọwọ́ wọn pẹ̀lú kẹrosíìnì, wọ́n á gbé agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti àkúbà, wọ́n á lọ ṣeré níbi ìkómọ tàbí ìṣílé. Wọn ò ṣe àwo rí. Wọn ò lórúkọ tí ará ìta mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ní rédíò tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agídìgbo. Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló kù lọ́wọ́ Bàámi nínú gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 2010, mo jókòó, mo gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà ò ní àbùjá. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan gba wákàtí kan, o ní láti jẹ́ kó kọrin tán kí kọ̀ǹpútà tó gbọ́ ọ tán. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré yìí, mo so ó mọ́ spíkà, Bàámi sì ń gbọ́ ara wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Òjò ńlá oṣù Keje ọdún 2011, èyí tí gbogbo Èkó ò ní gbàgbé, wọ inú ilé wa títí dé ìbàdí, ó sì kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà lọ. Kọ̀ǹpútà tí mo fi gbà á sílẹ̀ ò pẹ́ bàjẹ́. Ohun tó kù láyé tó mọ ohùn agídìgbo Bàámi ni ẹ̀rọ tí mo sọ pé ó ti kú yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á kọ síbòmíràn lónìí. Ó yẹ kí n ti ṣe é tipẹ́tipẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ dán wò

Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni mo ti mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn. Ẹ̀rọ náà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ fún bí ọdún méjì láìgba iná, nítorí náà mo mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ á ti gbẹ. Mo wò ó bóyá ó ti wú. Bí bátìrì bá wú, ojú ẹ̀rọ máa ń gbé sókè tàbí kí ìdí rẹ̀ ya. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi iná sí i mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan ṣóńṣó tọ́ ọ, torí ó lè gbiná. Ti Bàámi ò wú. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Mo fi igi ìtayín tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú ihò ìdí rẹ̀, òwú aṣọ tó ti dì mọ́ ibẹ̀ jáde bí ẹni yọ èérí etí. Mo ti bọ́tìnnì tó wà lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, mo wá tẹ "Menu" àti àárín pọ̀ títí mo fi ka mẹ́wàá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jí irú rẹ̀ tó bá dákú. Kò jí. Mo gbé ṣájà mìíràn, mo gbé èkejì, mo lo iná Nẹ́pà, mo lo jẹnẹrétọ̀. Mo fi í sí ara kọ̀ǹpútà mi, kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ojú mi ti là. Kọ̀ǹpútà ò rí ohunkóhun rárá, mo sì kà á mọ́ ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà kú. Mi ò bi ara mi léèrè pé ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Wáyà tí mo ń lò, mo ra á lẹ́bàá ọ̀nà ni. Wáyà tó bá ẹ̀rọ wá láti London ti já. Ẹnu wáyà yẹn fẹ̀, eyín 30 ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 2003 ni Apple bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ní ọdún 2012 ni wọ́n gbé ẹnu kékeré tuntun dé fún fóònù wọn, láti ìgbà náà ni ẹni tó ń ta ti àtijọ́ ti ń dín kù. Nítorí náà nígbà tí mo rí ẹni tó ní in, inú mi dùn, mi ò wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó dúró díẹ̀, ó yọ ọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, bátìrì ti kú. Wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ni, a máa tú gbogbo ẹ̀." Ó dá ₦25,000 lé e, ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan fún mi, ó ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé orin inú rẹ̀ á yè. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sanwó. Mi ò bínú sí i. Ohun tó dùn mí nígbà tí mo wá ro ó lẹ́yìn náà ni pé wáyà tèmi ló fi dán an wò. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni èmi àti òun jọ gbẹ́kẹ̀ lé, irọ́ sì ni ẹlẹ́rìí náà ń pa fún àwa méjèèjì.

Ọmọ iṣẹ́ tó gé wáyà

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo dúró níwájú kóńtéènà kan tí kò jìnnà sílé Bàámi. Ọ̀gá ibẹ̀ ti lọ kírun. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà nílẹ̀, ọmọbìnrin kan tí mi ò rò pé ó ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, ó fi aṣọ ìborí aláwọ̀ ojú ọ̀run borí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n." Mo ní màá padà wá bí ọ̀gá bá dé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó, sà."

Kò wo ẹ̀rọ náà. Wáyà ló kọ́kọ́ mú. Ó fi ìka méjì fún un láti orí dé ìdí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ìfun ẹran níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Wáyà yín yìí fúyẹ́, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní kí ló dé tó bá fúyẹ́.

"Ó dà bíi pé inú ẹ̀ ò pé. Ṣé kí n gé e?"

Ẹ̀rù bà mí. Wáyà kan ṣoṣo tí mo rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń wá a nìyẹn. Ó rí i lójú mi. Ó ní, "Ẹ má bínú. Bí a ò bá gé e, a ò ní mọ̀." Mo ní kó gé e.

Ó mú réésà, ó yí i po ara wáyà náà lẹ́ẹ̀kan, ó fà á, èèpo funfun náà sì bọ́ bí ìgbà tí èèyàn bó ìrèké. Wáyà pupa yọ. Wáyà dúdú yọ. Nǹkan funfun kan náà tún wà láàárín wọn, mo sì yára ní, "Funfun náà nìyẹn, ó pé." Kò jiyàn. Ó fi èékánná fa nǹkan funfun náà jáde, ó ṣáná sí i. Ó jó, ó rùn bí aṣọ, ó di eérú. Òwú ni. Wọ́n fi òwú kún inú rẹ̀ kó lè nípọn lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á.

Ó na ìka sí i, ó ní, "Wáyà méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́. Funfun àti green ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ yín ò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀, ló fi kọ iná."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ náà ni mo rí i lójúkojú.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń tú àwọn wáyà àtijọ́ inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó rí ọ̀kan tó ti pọ́n, tó jẹ́ ti fóònù iPhone àtijọ́ kan, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó wúwo. Ó fi spírítì nu eyín rẹ̀. Ó fi mítà wo ṣájà, ó ń gbé fóòtì márùn-ún (volt, ìwọ̀n agbára iná) jáde. Ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Kò tàn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tí kò ti jẹun." Ó fa àga fún mi. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn kóńtéènà, ẹnì kan wá gba fóònù rẹ̀, ẹlẹ́kọ gbé ẹ̀kọ kọjá. Mo ń wo aago. Ní ìṣẹ́jú kejìlélógún, ojú dúdú náà funfun díẹ̀, àmì ápù jáde, lẹ́yìn náà àwòrán bátìrì pupa. Ọmọbìnrin náà ò pariwo. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀, ó ní, "Ó ti jí."

Ìkíni kó tó jẹun

Nígbà tí mo délé, mo lọ kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà títí ọkàn mi fi balẹ̀, torí mi ò fẹ́ràn kí n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìmọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Wáyà mẹ́rin ló wà nínú wáyà USB irú ti ìgbà náà. Pupa ló ń gbé iná wọlé, fóòtì márùn-ún. Dúdú ló ń dá a padà. Funfun àti aláwọ̀ ewé kì í gbé oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ kí ara wọn lórí wáyà méjì yìí. Ẹ̀rọ á sọ irú ẹni tóun jẹ́, á sọ iye iná tóun fẹ́. Kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan, 100 mA (milliampere, ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó) ni USB gbà á láyè láti fà. Bí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan, ó lè tó 500 mA lórí USB 2.0.

Ṣájà tí a ń ki bọ ara ògiri ò ní ọpọlọ tó lè fi dáhùn ìbéèrè. Nítorí náà àwọn tó ṣe ti Apple fi iná kékeré sórí wáyà funfun àti aláwọ̀ ewé, nǹkan bíi fóòtì méjì sí méjì àti díẹ̀. Ìwọ̀n kékeré yẹn ni ìkíni rẹ̀. Ẹ̀rọ á wò ó, á mọ iye tí ṣájà náà lè fún òun láìjóná. Bí kò bá bá nǹkan kan lórí wáyà méjì náà, ọ̀pọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí kì í gba iná rárá. Fóòtì márùn-ún wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀, kò wọlé.

Mo kọ́kọ́ bínú sí èyí. Kí ni ẹni tí ebi ń pa ń béèrè orúkọ alásè sí? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó, mo rí i pé kò sí ilé Yorùbá kan tí kò mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn bá gbé àpò ìrẹsì wọ ilé yín láìkí ẹnikẹ́ni, tó gbé e kalẹ̀ tó sì yíjú padà, ẹ ò ní sè é. Ẹ máa béèrè ibi tó ti wá ná. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ̀rọ tí kò ju ìka mẹ́ta lọ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Sùúrù tí ọmọbìnrin náà ní kí n ní náà nídìí. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó kún dáadáa máa ń wà ní fóòtì 4.2. Bó bá ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi 3, ẹ̀rọ á ti ara rẹ̀ pa kí bátìrì má baà bàjẹ́. Bí wọ́n bá wá fi í sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá padà dé, ẹ̀rọ ò ní gbà á ní gbígbà tó le. Iná tín-ín-rín ló kọ́kọ́ máa ń fi sínú bátìrì náà, bí a ṣe ń fún ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta ní omi ẹ̀kọ kó tó kan iyán. Ó lè tó ìṣẹ́jú 30 kí ojú rẹ̀ tó fi àmì kankan hàn. Mélòó nínú wa ló ń dúró fún ìṣẹ́jú 30? Èmi ò dúró fún méjì.

Ohun tí mò ń gbé lọ sí Ṣómólú

Láti kóńtéènà yẹn sílé Bàámi, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Inú ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí ẹ̀rọ.

Àwa ọmọ mẹ́ta la wà. Àbúrò wa tó wà ní London máa ń fi owó ránṣẹ́ ní ìparí oṣù. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Abẹ́òkúta máa ń fi owó ránṣẹ́, ó sì ń fi èlùbọ́ kún un. Èmi tí mo wà nítòsí, ní Yábà, ni mò ń gbé oúnjẹ lọ lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mò ń ra oògùn ìfúnpá. Kò sí oṣù tí a jẹ́ kó lọ lásán. Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò, wọ́n á ní Bàbá yẹn bímọ.

Láti ọdún bíi mẹ́ta ni Bàámi ti ń dákẹ́. Wọ́n á dáhùn "Ẹ ṣé" àti "Ó dáa" àti "Ẹ kí wọn nílé." A jíròrò rẹ̀ lórí fóònù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ní ọjọ́ ogbó ni. Ọ̀kan ní bóyá iyè wọn ti ń ra, ká gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Èmi ni mo ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, bí àgbà ṣe ń rí nìyẹn." Mo tún ti dá ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, tí mi ò yẹ ohunkóhun wò.

Lójú ọ̀nà yẹn ni mo bi ara mi léèrè ìgbà tí mo jókòó kẹ́yìn nílé yẹn. Kì í ṣe pé mo dúró, tí mo gbé abọ́ kalẹ̀, tí mo ka oògùn, tí mo wo bóyá wọ́n ti san owó iná. Mo ní jókòó. Mi ò rí ìgbà kankan rántí nínú ọdún náà. Gbogbo ohun tí a ń gbé wọ ilé yẹn, pupa àti dúdú ni.

Mi ò sọ pé kò sí àìsàn tó ń mú àgbà dákẹ́. Ó wà, ó sì yẹ ká lọ ṣe àyẹ̀wò. A ti lọ láti ìgbà náà, a ó sì tún lọ. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣíwọ́ owó fífi ránṣẹ́, torí Èkó ò ṣeé gbé láìsí i. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Alert báńkì kì í ní ojú. Nígbà tí wọ́n fún John Goodenough ní ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ní ọdún 2019, nítorí iṣẹ́ wọn lórí irú bátìrì líthíọ́ọ̀mù yìí gan-an, ẹni ọdún 97 ni. Kò sí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó gba Nobel rí ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Àwọn èèyàn ṣì ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bàámi ò tíì pé 80.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ náà lé wọn lọ́wọ́, mo so ó mọ́ spíkà, mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní. Mo ní, "Bàámi, mo purọ́ fún yín lọ́jọ́sí. Kò kú." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Agídìgbo dún. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n wá ní, "Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo." Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí, títí mo fi dá wọn lóhùn: "Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àwọn orúkọ tó sọnù

Bátìrì náà ti gbó, mi ò ní parọ́. Nígbà tó wà ní tuntun, wákàtí 24 ni wọ́n ní ó lè fi kọrin. Báyìí kì í pé wákàtí márùn-ún tó fi ń béèrè oúnjẹ. Mi ò ní pààrọ̀ rẹ̀ títí màá fi kó gbogbo orin inú rẹ̀ síbòmíràn. Bí mi ò bá lò ó, mi ò ní jẹ́ kó gbẹ, mi ò sì ní fi í pamọ́ ní kíkún. Ìdajì ló dára fún ìpamọ́, níbi tí oòrùn ò dé, kí èèyàn sì máa wò ó ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Kíkó orin náà jáde le ju bí mo ṣe rò lọ. Bí èèyàn bá ṣi iTunes, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Apple ṣe fún kíkó orin sínú iPod, ó lè béèrè bóyá kó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ kó tó bá kọ̀ǹpútà tuntun ṣọ̀rẹ́. Ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni o. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ "Menu" àti àárín títí ó fi pa ara rẹ̀ tó tún tàn, lẹ́yìn náà mo yára di àárín àti bọ́tìnnì orin mú, ó sì ṣí bíi dísíìkì lásán. Àwọn orin wà nínú fódà kan tó fara pamọ́, iPod_Control ni orúkọ rẹ̀, ẹ ní láti sọ fún kọ̀ǹpútà kó fi ohun tó pamọ́ hàn. Mo rí gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti yí orúkọ wọn padà sí lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin tí kò ní ìtumọ̀, ohun tí èmi náà sì kọ sínú wọn ní ọdún 2010 ò ju "kásẹ́ẹ̀tì kìíní, ojú kejì" lọ. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ti ṣeré nígbà náà. Mo rò pé ohùn nìkan tó.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń dé ní aago méjì, mo máa ń kúrò ní aago méje. Mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà dání. Orin á máa lọ, Bàámi á máa sọ, èmi á máa kọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orin kan bẹ̀rẹ̀, mo yára tẹ orúkọ wọn síbi tí mo máa ń kọ alágídìgbo sí. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Kì í ṣe èmi."

"Bàámi, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Fetí sí i. Ọwọ́ mi ò wúwo bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n na ọwọ́ òsì wọn sí mi, wọ́n yí i padà, wọ́n fi àpá kan hàn mí nídìí àtàǹpàkò, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọ̀ ara lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló gé e ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, eré sì wà ní Sátidé, wọn ò sì fẹ́ kí Màámi mọ̀, wọ́n bá ki ọwọ́ bọ àpò délé. Mo ti mọ ọwọ́ yẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń mọ nǹkan. Mi ò rí àpá náà rí. Mo bi wọ́n léèrè ta ló wá ń lu agídìgbo náà, wọ́n ní kí n dá orin dúró ná, ìtàn rẹ̀ gùn.

Kásẹ́ẹ̀tì kẹrin la wà. Ó ku méje.